Fèrèsé òkè tó wà lórí orùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀: báwo ni a ṣe lè fọ̀ ọ́ láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu?

Ọmọ Paràkìn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé bá mi dá sí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé àwọn òbí mi ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Orùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yọ síta lábẹ́ àwọn fèrèsé òkè, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà títì. Bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, eruku pupa á ti bo gíláàsì débi pé a kì í rí ìta dáadáa mọ́, ọmọkùnrin kan ládùúgbò ni a sì máa ń bẹ̀ pé kí ó wá bá wa fọ̀ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níbi tó ti gba ojú fèrèsé jáde sórí páànù, sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, korobá omi ọṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi tó ń ro sílẹ̀ láti ara gíláàsì ń ṣàn gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí etí orùlé. Mo ní kí ó wọlé, mo san owó rẹ̀ pé, iṣẹ́ náà sì dúró síbẹ̀ títí di òní.

Fèrèsé mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Méjì tó wà ní pálọ̀ òkè jẹ́ fèrèsé álúmíníọ́mù tí à ń fà sọ́tùn-ún sósì. Irin ìdènà olè wà fún wọn láti inú, ṣùgbọ́n irin náà ṣeé ṣí bí ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta wà níbi àtẹ̀gùn, ojú kan ni gíláàsì rẹ̀ wà, kò ṣeé ṣí rárá. Ẹ̀kẹrin jẹ́ lúfà, ó wà lẹ́yìnkùlé, lórí ilé ìdáná tí orùlé rẹ̀ jẹ́ asbestos àtijọ́.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí a fi lè fọ gbogbo wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ orùlé? Bí ó bá sì di dandan kí ènìyàn gùn ún, kí ni ó yẹ kí èmi tí mo gbé iṣẹ́ fún un pèsè sílẹ̀ kí ó tó gùn ún? N kò fẹ́ torí gíláàsì tó mọ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláàbọ̀ ara.

Alábòójútó Ilé fèsì pé:

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyáàfin. Ohun tó tọ́ ni ẹ ṣe nígbà tí ẹ ní kí ó wọlé. Iṣẹ́ àbójútó ilé ni mo ṣe ní Ifẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá gíláàsì lè wá bá wọn nínú ilé, kí wọ́n tó ronú àtilọ bá gíláàsì ní ìta. Nínú fèrèsé mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, mẹ́ta ni kò ní ìdí kankan tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ jáde nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí à ń fà. Wíìlì kéékèèké ni gíláàsì kọ̀ọ̀kan fi ń rìn lórí irin ìsàlẹ̀, àyè díẹ̀ sì wà lókè férémù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kí ó lè ṣeé gbé wọlé. Ẹ fa gíláàsì tó wà lójú irin ti inú dé àárín, kí ẹni méjì dì í mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n gbé e sókè tààrà títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi kúrò lórí irin tó ń tọ̀, kí wọ́n wá fa ìsàlẹ̀ náà sọ́dọ̀ ara wọn sínú ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ yọ ti ìta lọ́nà kan náà. Bí kò bá gbéra, ẹ wo òkè férémù dáadáa, nítorí pé àwọn tó ń ṣe fèrèsé máa ń fi síkúrúù de rọ́bà kékeré kan síbẹ̀ kí olè má baà lè yọ ọ́ láti ìta. Ẹ tú u ná. Mo ní ẹni méjì nítorí ohun kan pàtó: bí gíláàsì bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìwà ènìyàn ni pé yóò na gbogbo ara tẹ̀lé e, ojú fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹní tàbí aṣọ nípọn sílẹ̀, ẹ gbé gíláàsì náà lé e, ẹ fọ ojú rẹ̀ méjèèjì ní ìrọ̀rùn. Nígbà tí férémù bá ṣófo, ẹ má jẹ́ kí àǹfààní náà kọjá láìfọ ojú irin ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí ihò tín-ín-rín mélòó kan níbẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde. Eruku ọyẹ́ àti òkú kòkòrò ló máa ń dí i, òun náà ló sì máa ń fà á tí omi fi ń wọ pálọ̀ nígbà tí òjò bá fi afẹ́fẹ́ rọ̀ láti iwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ògiri wọn ló ń jò.

Ní ti lúfà, abẹ̀bẹ̀ gíláàsì kọ̀ọ̀kan wà nínú álúmíníọ́mù kékeré méjì, etí kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sókè kí ó má baà yọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nípọn, ẹ fi pínsà tẹ etí yẹn wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fa gíláàsì náà wọlé, kí ẹ sì tẹ etí náà padà nígbà tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tán. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn léraléra, nítorí pé álúmíníọ́mù bẹ́ẹ̀ yóò kán, gíláàsì yẹn kò sì ní dúró mọ́.

Èyí tí kò ṣeé ṣí ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Láti ilẹ̀ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn irú èyí tí àwọn akunlé ń lò, tí ó ṣeé fà gùn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ sí i lórí. Ní àwọn ìlú òkèèrè, àwọn tó fi fífọ fèrèsé ṣe iṣẹ́ ṣe ní ọ̀pá tí omi ń gba inú rẹ̀ gòkè, omi tí wọ́n sì ti yọ àwọn èròjà ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lò kí ó lè gbẹ láìfi àbàwọ́n sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irú rẹ̀, ẹ lo omi òjò tí ẹ gbè tààrà láti ojú ọ̀run, nítorí pé omi kànga wa máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ lára gíláàsì.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ẹ wo àwọn ilé ẹ̀ka Humanities tí Arieh Sharon yàwòrán rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: àjà òkè ibẹ̀ yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò. Orùlé ni àwa ń gbé sábẹ́ fèrèsé ní tiwa, a kì í sì í béèrè nígbà tí a bá ń yàwòrán ilé pé ta ni yóò máa fọ̀ ọ́.

Òṣìṣẹ́ Iná fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Alábòójútó, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni tó na ọ̀pá sókè. Ìyáàfin sọ pé orùlé náà dojú kọ títì, ìhà títì sì ni wáyà iná máa ń gbà. Ìhòhò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà tó wà lórí òpó wa wà, kò sí rọ́bà lára wọn, èyí tó sì gbé agbára fóòtì 11,000 lè fò mọ́ ọ̀pá láìjẹ́ pé ọ̀pá fara kàn án. Álúmíníọ́mù ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá yẹn àti ọ̀pọ̀ àkàbà òde òní. Igi tó bá ti tutù pẹ̀lú kò yàtọ̀. Kí orí ọ̀pá tàbí orí àkàbà má ṣe súnmọ́ wáyà tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀pá náà nígbà tó bá gùn tán àti nígbà tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe nígbà tó wà nílẹ̀.

Bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò yín kí wọ́n wá pa á fún yín. Kí ẹ pa súìṣì inú ilé kò kan wáyà tó ti orí òpó wá. Ẹ má sì gbọ́ ti ẹni tó bá ní wọ́n ti mú iná lọ. Wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn kò so dáadáa sì lè rán iná padà sórí wáyà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú.

Káfíńtà Ìjẹ̀ṣà fèsì pé:

Mo kí gbogbo yín. Iléṣà ni mo ti ń kan orùlé, èmi náà sì fara mọ́ ọn pé kí á fọ ohun tó bá ṣeé fọ̀ láti inú. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin béèrè pé bí ó bá di dandan ńkọ́, n kò sì fẹ́ kí á fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí pé ibi tí a kò bá ti dá ènìyàn lóhùn ni wọ́n ti ń gùn ún bó ṣe wù wọ́n.

Ní ti asbestos ẹ̀yìnkùlé, kò sí dandan kankan níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún. Páànù máa ń dún, ó máa ń tẹ̀ kí ó tó já. Asbestos tó ti gbó kì í fún ènìyàn ní àmì kankan, yóò kàn ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Pé káfíńtà kan ti rìn lórí rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò gba ẹlòmíràn lónìí. Yàtọ̀ sí èyí, okùn tín-ín-rín tí ojú kò lè rí ló wà nínú eruku rẹ̀, ó máa ń há sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń fà sì lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn. Nítorí náà, ẹ má gbálẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn gé e.

Ti páànù iwájú yàtọ̀. Ẹ wo ojú páànù láti ilẹ̀, ẹ óò rí ìṣó tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Abẹ́ ìṣó yẹn ni igi wà. Orí ìlà ìṣó nìkan ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa balẹ̀, kì í ṣe àárín ìlà méjì, pàápàá bí ó bá jẹ́ álúmíníọ́mù ìgbàlódé tí kò nípọn ju mílímítà 0.45 lọ. Àmọ́ ìṣó nìkan kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ikán. Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó kọ́ ní Iléṣà níhìn-ín, mo ti tú páànù lórí wọn tí mo sì bá igi abẹ́ rẹ̀ tí ó kù kìkì èèpo. Kí káfíńtà ṣí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò láti abẹ́, kí ó fi ìka àti ṣísù gún igi náà, kí ó tó sọ pé ó lè gbé ènìyàn.

Bí igi bá dára, ó ku yíyọ̀. Ìhà tí oòrùn kì í dé dáadáa máa ń ní ohun àwọ̀ ewé tó ń hù lójú páànù lásìkò òjò, bí omi bá kàn án, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìrì òwúrọ̀ náà ń yọ̀, eruku ọyẹ́ gbígbẹ gan-an sì ń mú kí bàtà sún. Lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, tí páànù kò sì tíì gbóná, ni kí wọ́n ṣe é, pẹ̀lú bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Kí korobá wà nínú ilé, kí wọ́n máa na aṣọ tí wọ́n ti fún gbẹ sí ẹni tó wà níta. Omi ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kan orùlé rárá.

Èmi kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró lórí páànù lásán. Mo máa ń kan pákó fífẹ̀ kan tí mo kan igi kéékèèké dábùú lé lórí bí ìtẹ̀sẹ̀ àkàbà. Bí orùlé bá ní ògógóró, ìyẹn ibi tí ìhà rẹ̀ méjèèjì ti pàdé lókè, ìkọ́ irin ni mo máa ń fi kọ́ ọ síbẹ̀. Orùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fara ti ògiri kò ní ògógóró tí ìkọ́ lè mú, nítorí náà mo máa ń wá igi líle tó gùn dáadáa ju fífẹ̀ ojú fèrèsé lọ, n ó gbé e dábùú láti inú yàrá kí ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dì í mú, ara rẹ̀ ni n ó sì so pákó náà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má so ohunkóhun mọ́ irin ìdènà olè tàbí mọ́ páànù tí ń gbomi òjò létí orùlé, nítorí pé síkúrúù kéékèèké ló mú wọn dúró.

Bí wọ́n bá ní láti fi àkàbà gòkè, fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 4 tó bá ga, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Kí orí rẹ̀ kọjá etí orùlé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ọwọ́ lè rí ohun dì mú, kí wọ́n dè é lókè, kí ẹnì kan sì di ìdí rẹ̀ mú. Mo sì ti rí i tí àwọn kan gbé àkàbà lé orí orùlé tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí wọ́n lè dé fèrèsé tó ga. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Ọmọ Paràkìn fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ wo òkè, òótọ́ ni, wáyà kan gba igun ilé wa kọjá, kò sì jìnnà sí fèrèsé àtẹ̀gùn yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀pá gígùn ti parí ní ọ̀dọ̀ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin náà sọ pé kí á so okùn mọ́ ọn nídìí, kí òun jókòó sínú yàrá di okùn náà mú, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Bàbá Káfíńtà, ṣé a kúkú lè pààrọ̀ fèrèsé àtẹ̀gùn náà sí èyí tó ń ṣí?

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Kò tó o, Ìyáàfin. Bí okùn ìdí bá dá ènìyàn dúró nínú afẹ́fẹ́, ikùn rẹ̀ ni gbogbo agbára ìṣubú náà yóò bọ́ sí; ẹ̀dọ̀ lè ya, ọlọ inú lè ya, egungun ẹ̀yìn sì lè ṣẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ farapa, mímí yóò nira fún un níbi tó so rọ̀ sí. Ẹni tó di okùn mú nínú yàrá kò lè dá a dúró pẹ̀lú ọwọ́ lásán, okùn yóò bó o lọ́wọ́ tàbí kí ó wọ́ ọ lọ sí ojú fèrèsé.

Ìgbànú ààbò tó gba èjìká, àyà àti itan méjèèjì ni ó yẹ, irú èyí tí àwọn tó ń gun òpó gíga ń lò, kí wọ́n so ó mọ́ igi tí Bàbá Káfíńtà ṣàlàyé yẹn. Kí okùn rẹ̀ kúrú débi pé ẹni náà kò ní lè dé etí orùlé rárá. Èyí ṣe pàtàkì ju bí okùn ṣe nípọn tó lọ, torí pé ẹni tó bá so rọ̀ nínú ìgbànú láìlè mira, ẹ̀jẹ̀ máa ń gbá jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan wà lórí orùlé, kí ẹ sì ti mọ bí ẹ óò ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, ẹ má gbé e ní apá àti ẹsẹ̀, ẹ má fún un ní omi mu, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kí ó má yí, kí ẹlòmíràn pe 112 tàbí kí ó ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Ifẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì, Wesley Guild tó wà ní Iléṣà sì jẹ́ apá kan rẹ̀. Ẹni tó ṣubú tó sì dìde rìn gan-an gbọ́dọ̀ lọ fi ara rẹ̀ hàn. Bí ó bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tí oorun ń kùn ún lọ́nà tí kò yé ni, kí ẹ má fi di ọjọ́ kejì.

Káfíńtà Ìjẹ̀ṣà fèsì pé:

Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀, Ìyáàfin, inú mi sì dùn pé ẹ ronú kàn án. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó ń ṣí sínú ilé síbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń ṣí síta, kí ojú rẹ̀ méjèèjì lè wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tó dúró lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú kì í ṣe ibi tó tẹ́jú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan pẹpẹ kékeré tó dọ́gba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, tí yóò máa wà nílé fún iṣẹ́ yẹn. Títí ẹ óò fi ṣe é, ẹ fi eruku sílẹ̀ lára rẹ̀; kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Láti inú ni kí wọ́n ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Kí wọ́n wọn fífẹ̀ ojú fèrèsé lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ náà ní ibi mẹ́ta, kí wọ́n sì mú èyí tó kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ògiri àtijọ́ kì í tọ́. Kí wọ́n tó yọ gíláàsì tó wà níbẹ̀, kí wọ́n lẹ sẹ́lótéèpù fífẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ láti igun dé igun kí àfọ́kù má baà dà sórí páànù tí ẹnikẹ́ni yóò fi fẹ́ jáde lọ ṣà á, kí wọ́n sì dènà ọ̀nà tó gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tí wọn yóò fi parí.